Jíà tó ń pẹ́ kó tó yí: iṣẹ́ tí a ṣe lórí Mercedes V-boot kan n'Íbàdàn

Ọkọ̀ náà jẹ́ Mercedes 230E tí wọ́n ṣe ní 1990, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí V-boot. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.3 onísílíńdà mẹ́rin, jíà rẹ̀ sì jẹ́ ọtọmátíìkì oníjíà mẹ́rin tí àwọn tó ṣe é ń pè ní 722.4. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Tòkúnbọ̀ ni wọ́n rà á, àwọn fúnra wọn ló sì ń wà á títí dòní. Ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ni pé jíà ń pẹ́ kó tó yí. Ẹ́ńjìnnì á ké títí kí jíà kẹta tó wọlé. Tó bá sì wọlé, á gbá gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bíi pé ọkọ̀ mìíràn kọ lù wọ́n láti ẹ̀yìn. Epo tó ń jẹ náà ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sẹ́ni tó lè fojú kéré lítà kan mọ́.

"Ọmọ mi, wọ́n ní jíà ti kú," ni Bàbá wí. "Wọ́n ní kí n lọ wá tòkúnbọ̀ jíà rà."

Mo bi wọ́n pé, "Ìgbà wo gan-an lẹ ti ń rí i, Bàbá?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Kó tó dìgbà yẹn, o ò ní mọ ìgbà tó ń yí."

Ìdáhùn yẹn ló tọ́ka ọ̀nà fún wa, torí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tú orí ẹ́ńjìnnì. Jíà tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò mọ̀ bóyá wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì. Bí jíà bá dára nígbà tí ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, tó wá ṣe bákan nígbà tó jáde, ohun tó so jíà mọ́ ẹ́ńjìnnì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Nínú V-boot oníbẹntiróòlù, nǹkan méjì ló ti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sára jíà: kébù kan tó so mọ́ irin tí tọ́tù (ohun tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) ń fà, àti páìpù ike tín-ín-rín kan tó ń gbé fákúùmù, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣíṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì yìí sábà máa ń tú méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe dá wọn padà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí jíà yìí ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó yí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àbá lásán ni yóò máa fi sípánà dá. Jíà yìí kò ní bíréènì bọ́kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí jíà, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ sikáànù máa kà lára rẹ̀. Epo ló fi ń ṣe gbogbo ìpinnu. Lápá ẹ̀yìn jíà, gọ́fánọ̀ kan wà tó ń yí pẹ̀lú ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí ni prẹ́ṣọ̀ epo tó ń tibẹ̀ wá ṣe ń ga sí. Kébù ní tirẹ̀ ń sọ fún jíà bí awakọ̀ ṣe tẹ tọ́tù tó. Prẹ́ṣọ̀ méjèèjì dojú kọ ara wọn nídìí fáàfù tó ń yí jíà: ti gọ́fánọ̀ ń tì í pé àkókò ti tó, ti kébù ń dá a dúró pé awakọ̀ ṣì ń fẹ́ agbára. Ìgbà tí ti gọ́fánọ̀ bá borí ni jíà máa yí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá tẹ tọ́tù díẹ̀, jíà á tètè yí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dénú, á dúró kí ọkọ̀ sáré dáadáa kó tó yí. Bí kébù bá wá le jù, jíà á máa rò pé ẹsẹ̀ awakọ̀ wúwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló rọra gbé e lé tọ́tù.

Iṣẹ́ mìíràn ni fákúùmù ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní síló, tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a tẹ tọ́tù, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ gan-an. Bí a bá tẹ tọ́tù, fífà yẹn á dínkù. Mọ́dúlétọ̀, agolo irin kékeré kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jíà, ló ń gba ìròyìn yìí, òun ló sì ń pinnu bí epo ṣe máa fún àwọn pìléètì inú jíà, àwọn tó ń di jíà mú, tó. Bí fákúùmù bá pọ̀, á fún wọn jẹ́jẹ́. Bí kò bá pọ̀, á fún wọn pinpin kí wọ́n má baà yọ̀ lábẹ́ ẹrù. Tí páìpù bá jò, fákúùmù ò ní dé ibẹ̀ mọ́, jíà á sì máa fún pìléètì pinpin nígbà gbogbo, àní nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pàápàá.

Nítorí náà, kí jíà pẹ́ yí jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ó gbá èèyàn nígbà tó bá yí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kébù ló ni ìgbà tó ń yí, fákúùmù ló ni bó ṣe le tó nígbà tó bá ń yí. Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló ń pa méjèèjì pọ̀. A ó ní "jíà ń jẹ́ẹ̀kì", a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo ohun tó bá ṣeé yí. Ó máa ń dùn mí, torí báyìí ni wọ́n ṣe ń tú ọ̀pọ̀ jíà tó dára dànù, tí wọ́n á sì fi òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀ rọ́pò.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a wo epo jíà. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, jíà ní P, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí epo náà sì ti gbóná dé nǹkan bíi 80°C, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà á lọ wà á bọ̀. Ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì kó tó fa géèjì (irin tí a fi ń wọn epo) yọ, irọ́ ni géèjì máa pa fún un, á fi epo hàn ju iye tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí a wò ó bó ṣe yẹ, epo kò dé àmì ìsàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè kò ju nǹkan bíi 0.3 lítà lọ, torí náà díẹ̀díẹ̀ ni a ń ro epo jíà Dexron III sí i, tí a sì ń fi aṣọ tí kì í já òwú sílẹ̀ nu géèjì, nítorí òwú kékeré kan tó fáàfù inú jíà láti há.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ni àwọ̀ epo náà. Pupa ni, kò dúdú, kò sì rùn bí ohun tó jóná. Pìléètì tó bá ti jẹ tán máa ń fi òórùn sílẹ̀ nínú epo. Mo jẹ́ kí Bàbá fúnra wọn gbóòórùn rẹ̀ lórí aṣọ funfun, kí wọ́n lè mọ ìdí tí n kò fi gbà pé jíà ti kú.

Lẹ́yìn náà la wa ọkọ̀ jáde, láti Ọ̀jọ́ọ̀ sí ọ̀nà Mọ́níyà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ yìí, aago ńlá ló wà níbi tí òmíràn ti ní géèjì ìyípo ẹ́ńjìnnì, torí náà etí wa àti géèjì eré nìkan la gbára lé. Ọmọọṣẹ́ mi jókòó síwájú pẹ̀lú bírò, ó ń kọ eré tí jíà kọ̀ọ̀kan fi ń yí. Ẹ fi sọ́kàn pé ní wíwà jẹ́jẹ́, jíà kejì ni ọkọ̀ yìí fi ń gbéra. Ti àkọ́kọ́ wà fún ìgbà tí a bá tẹ tọ́tù dénú. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́, jíà kẹta kò wọlé àfi nígbà tí eré dé nǹkan bíi 50 kilómítà ní wákàtí. Ti kẹrin kò wọlé rárá àfi nígbà tó lé ní 80. Lójú mi, lára V-boot tí ara rẹ̀ dá, ti kẹta yẹ kó wọlé ní nǹkan bíi 35, kí ti kẹrin wọlé ní nǹkan bíi 55. Jíà kẹrin yìí ni èyí tí ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá ẹ̀yìn jọ ń yí bákan náà, òun ni jíà tó ń dáàbò bo epo bẹntiróòlù. Ẹni tó ń wakọ̀ láàárín ìlú, tí eré rẹ̀ kì í sábà kọjá 60, kò ní rí jíà kẹrin lò rárá báyìí. Ibẹ̀ ni owó Bàbá ń bá lọ.

Nígbà tí a padà dé, páìpù fákúùmù ni mo kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe kébù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibi tí kò yẹ wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á rọ, awakọ̀ á sì máa tẹ tọ́tù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá tún kébù ṣe nígbà tí nǹkan wà báyìí, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ló ń pa làpálàpá, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá sì gbádùn, kébù á tún di èyí tí kò bá a mu.

A yọ ẹnu páìpù náà lára mọ́dúlétọ̀. Inú rẹ̀ gbẹ, ohun tó dára sì nìyẹn. Ká ní epo pupa wà nínú rẹ̀ ni, rọ́bà inú mọ́dúlétọ̀ ti ya nìyẹn, ẹ́ńjìnnì á máa fa epo jíà mu, èéfín funfun á sì máa tú jáde lẹ́nu sílẹ́ńsà. Mo fi ìka dí ẹnu páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní síló. Kò fà mí rárá. A tọ̀ ọ́ lọ sókè títí dé ibi tó ti wọ ara ẹ́ńjìnnì, a sì rí rọ́bà kékeré tó so ó mọ́ ibẹ̀. Ó ti gbẹ, ó le, ó sì ti sán lábẹ́, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ẹnìkan ti fi téèpù dúdú àwọn rewáyà wé e, ooru ẹ́ńjìnnì sì ti yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà dànù.

A rí rọ́bà mìíràn tó bá a mu rà ní Agodi Gate. Gbàrà tí a fi í sí i, síló ẹ́ńjìnnì balẹ̀, gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n kásẹ̀ nílẹ̀. A tún wà á jáde, Bàbá jókòó sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí.

"Kò gbá mi mọ́ o," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń pariwo kó tó yí."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé ọmọọṣẹ́ mi náà wí: jíà kẹta ṣì ń wọlé ní 50, ti kẹrin ṣì lé ní 80. Èyí ni apá tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Gbígbá ti lọ, pípẹ́ kò kúrò. Bí a bá ti tún rọ́bà àti kébù ṣe papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kì bá tí mọ èyí tó ṣiṣẹ́ wo, a kì bá sì ní ẹ̀rí kankan tí a lè fi han Bàbá tàbí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

A wo pálùgì, a wo orí dìsìtíríbútọ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. A pa ẹ́ńjìnnì, ọmọọṣẹ́ tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, mo wo ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ṣí tán. Ó ṣí tán. Èyí ṣe pàtàkì, torí irin tí tọ́tù ń fà yìí kan náà ló ń fa kébù jíà. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá dúró dáadáa, a ò lè tún ohun tó so mọ́ ọn ṣe.

Ó wá ku kébù. Lára irú ẹ́ńjìnnì yìí, orí kébù ní ike tó dà bí ife kékeré, tí a ń tẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù irin kan. Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Tọ́tù gbọ́dọ̀ wà ní fífi sílẹ̀ pátápátá. A ó tú ike náà kúrò lórí bọ́ọ̀lù, a ó ti kébù padà débi tó lè padà dé, a ó wá rọra fà á síwájú títí ọwọ́ á fi mọ̀ pé nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti dí i. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ti dúró yẹn, ike gbọ́dọ̀ bọ́ sórí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé a tún fà á, láìjẹ́ pé a tì í padà.

Ti ọkọ̀ Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. A ní láti fà á kọjá ibi tó ti dí wa dáadáa kí ó tó dé orí bọ́ọ̀lù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pẹ̀lú ẹsẹ̀ awakọ̀ tó wà nílẹ̀, kébù ti ń sọ fún jíà pé wọ́n ti tẹ tọ́tù. Ojú ibi tí wọ́n ti ń yí i ṣì ń dán níbi tí sípánà ti kàn án láìpẹ́, ìdọ̀tí sì bo gbogbo yòókù. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí a lè padà síbẹ̀ bó bá yẹ, lẹ́yìn náà ni mo dẹ̀ ẹ́ títí ike fi bọ́ sórí bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ.

A padà sí ọ̀nà Mọ́níyà. Jíà kẹta wọlé kí eré tó dé 35, ti kẹrin wọlé ní nǹkan bíi 50. Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín náà, ṣùgbọ́n nígbà tí epo jíà gbóná dáadáa, mo gbọ́ ohun kan láàárín jíà kejì àti ẹ̀kẹta: ẹ́ńjìnnì fò sókè díẹ̀ kí jíà kẹta tó di ọkọ̀ mú. Kò pẹ́, kò pariwo, ẹni tí kò fetí sílẹ̀ kò ní gbọ́ ọ. Èyí gan-an ló ń pa jíà. Pìléètì tó ń gbé jíà kẹta ló ń yọ̀ kó tó mú, bó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á jóná. Jíà tó ń pẹ́ yí ń ná èèyàn lówó epo, ṣùgbọ́n jíà tó ń yọ̀ ń ná an ní jíà odindi. Awakọ̀ sì máa ń fẹ́ràn jíà tí kébù rẹ̀ dẹ̀ jù, torí ó ń tètè yí, ó sì ń yí jẹ́jẹ́; inú rẹ̀ á máa dùn títí ọjọ́ tí ọkọ̀ á kọ̀ láti gòkè.

Mo tún un fún le díẹ̀, díẹ̀ tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí, a sì tún wà á. Ìfò náà kù fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún un fún le bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lọ pátápátá, pẹ̀lú epo gbígbóná, pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́ àti ẹsẹ̀ wíwúwo. Níbi tí a fi í sí nígbẹ̀yìn, jíà kẹta ń wọlé ní 36 tàbí 37, ti kẹrin ní 55 tàbí díẹ̀ lé. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì tuntun fàlà síbẹ̀. Ìdiwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ́ni jẹ́ ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Jíà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé lè fẹ́ díẹ̀ sí i, ojú ọ̀nà ló sì máa sọ ọ́.

Ọmọọṣẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní yí ti mọ́dúlétọ̀ náà ni?" Ìbéèrè tó dára ni. Lábẹ́ ìdérí rọ́bà mọ́dúlétọ̀, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń tún bí jíà ṣe le tó ṣe: bí a bá yí i sápá ọ̀tún, á le sí i, sápá òsì, á rọ̀. Mo ní kó wo ìdérí náà. Ekuru tó wà lórí rẹ̀ fi hàn pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti ṣí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tí jíà sì ti ń yí jẹ́jẹ́ láti ìgbà tí rọ́bà tuntun ti wọlé, kí la fẹ́ yí níbẹ̀? A fi í sílẹ̀. Ká ní eré tí jíà fi ń yí kò yí padà rárá lẹ́yìn tí a dẹ kébù ni, gọ́fánọ̀ ni ǹ bá fura sí, pé ó ti há, iṣẹ́ yẹn sì pọ̀ ju èyí lọ.

Ìdánwò tó kẹ́yìn, Òkè Mápó ni mo mú un lọ, láti Bẹẹrẹ gòkè, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀. Jíà dúró sí kejì bó ṣe yẹ kó dúró, kò fò lọ sí ẹ̀kẹta kó tún já padà. Ní ojú ọ̀nà tó tẹ́, a tẹ tọ́tù dénú pátápátá, ó sì já sí jíà ìsàlẹ̀ kíá, bí awakọ̀ tó fẹ́ kọjá tírélà ṣe máa fẹ́ kó ṣe.

Nǹkan kan ṣì kù lára ọkọ̀ náà. Bí a bá fa jíà láti P sí R, ó ṣì ń dún "kọ̀" lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe inú jíà ló ti ń wá. Rọ́bà róbótó tó so ọ̀pá gígùn mọ́ ẹ̀yìn jíà ló ti sán yí àwọn ihò bóòtì rẹ̀ ká, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n nígbà tí ọkọ̀ wà lókè jáàkì. Bàbá ní tí owó ìfẹ̀yìntì oṣù yìí bá wọlé, àwọn á rà á. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ra àlòkù rọ́bà yẹn, kí wọ́n sì padà wá kí a wo epo jíà lójú géèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí a ò tíì mọ ibi tí èyí tó dínkù tẹ́lẹ̀ bá lọ.